Ṣé Òkè Hàn Lónìí?

Aago mẹ́fà kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, mo gun àtẹ̀gùn dé òrùlé,
apẹ̀rẹ̀ aṣọ bẹ́ẹ̀dì ní ìbàdí mi,
mẹ́tàdínlógún, funfun, tí àwọn àlejò hòtẹ́ẹ̀lì sùn lé lánàá.
Kí n tó sá ẹyọ kan, mo yọ fóònù,
mo kọjú sí ìwọ̀-oòrùn, mo ya fọ́tò.
Òkè Suthep ló yẹ kó wà níbẹ̀,
pẹ̀lú tẹ́ḿpìlì aláwọ̀ wúrà tó máa ń dán léjìká rẹ̀.
Eérú ni mo rí.
Mo kọ ọ́ sábẹ́ fọ́tò: "Kò hàn."
Mo fi nọ́ńbà tí ẹ̀rọ ara ògiri ilé-ìwé kà sí i,
igba ó lé mẹ́rìnlá,
mo fi í ránṣẹ́ sójú òpó àdúgbò.

Agbe ló laró, wọ́n ní, àlùkò ló losùn,
lékeléke ló lẹfun.
Ta ló wá ni àwọ̀ tí fóònù mi ń wọ̀ láti oṣù Kejì?
Ọjọ́ tó bá dáa, ó wọ ewé. Ọjọ́ tó bá le, ó wọ ẹ̀jẹ̀.
Lónìí ó ya aṣọ àlùkò lò, kò sì rántí bọ́ ọ.
Lékeléke ni mo sá sórí okùn láàárọ̀,
àparò ni mo ká nírọ̀lẹ́.

Kí omi tó hó, wọ́n ti dé.
Buakhiao tó ń ta kọfí létí odò: "Mo ti ti fèrèsé."
Tísà Thanakrit: "Kò sí bọ́ọ̀lù lónìí, ẹ sọ fọ́mọ yín."
Ẹnì kan tó fi orí ológbò ṣe ojú:
"Ẹ̀rọ yín ti kú. Tèmi ka ọ̀tàlénígba."
Uí Inta (uí là ń pe bàbá àgbà níhìn-ín)
kì í kọ nǹkan kan.
Àtàǹpàkò ló ń fi sílẹ̀, ẹyọ kan, lójoojúmọ́,
bí ẹni tẹ̀ka sí ìwé ilẹ̀.
Ọmọ rẹ̀ ló sọ fún mi pé ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ti di kànrìnkàn àlòkù,
pé kò ní jáde wá fún àwọn adìyẹ rẹ̀ lóúnjẹ àfi tó bá rí òkè mi.
Òkè mi! Bí ẹni pé èmi ni mo gbé e síbẹ̀.

Ọjọ́rú ni ọ̀rọ̀ yí padà.
Ẹnì kan gbé àwòrán ilẹ̀ wá sábẹ́ tèmi,
àmì iná kún un bí ara ọmọ tó ní èéyi.
"Ẹ wo àwọn ará òkè! Àgbàdo ni wọ́n ń sun, àwa ni wọ́n ń yan."
Àádọ́ta ènìyàn ti bú wọn kí n tó ká aṣọ.
Mo fi ìka méjì fẹ àwòrán náà,
ó ń ṣí, ó ń ṣí, títí mo fi dá kọ́rọ́ odò kan mọ̀ ní Mae Chaem,
àti àmì pupa kan, lórí oko bàbá mi.

Bàbá mi tó jẹ gbèsè irúgbìn lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣe oúnjẹ adìyẹ,
tí ilẹ̀ rẹ̀ dà gẹ̀rẹ́ bí òrùlé, tí tirakítọ̀ kò lè gùn ún,
tó ní ìṣáná.
Mo tẹ̀ ẹ́ pé: "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń jẹ adìyẹ dídín." Mo pa á rẹ́.
Mo tẹ̀ ẹ́ pé: "Bàbá mi ni." Mo pa á rẹ́.
Wọ́n ní èéfín nìwà, pé rírú ló ń rú.
Tèmi kò rú. Mo gbé e mì.

Mo pè é lálẹ́. Ó wúkọ́ títí kó tó kí mi.
Ó ní: "Òkè yín kò hàn lónìí, àbí?
Mo máa ń wò ó nínú fóònù Khamla."
Mi ò mọ ohun tí mo fi dá a lóhùn.

Oṣù Kẹrin ń parí lọ, òjò kan rọ̀ lóru.
Afẹ́fẹ́ ti fẹ́, a ti rí ìdí òkè:
igi rẹ̀, ọ̀nà rẹ̀, wúrà èjìká rẹ̀.
Mo kọ ọ́ pé: "Ó hàn."
Ènìyàn mẹ́rin péré ló wò ó. Ológbò kò yọjú.
Aago mẹ́jọ ti lù.
Mo sá aṣọ kan, mo wo fóònù,
mo sá òmíràn.
Àtàǹpàkò Uí Inta kò tíì dé.